Mẹ̀sí 280SL tí bàbá kan fi sílẹ̀ ní Sùúrùlérè: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Olùbéèrè, Yábàá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́, mo kí gbogbo yín. Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti ń fà sí mọ́tò onílẹ̀kùn méjì tí a lè ká òrùlé rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n n kò ní irú rẹ̀ rí. Ní báyìí tí mo ti tọ́jú owó díẹ̀, mo rí Mercedes-Benz 280SL kan tí wọ́n ṣe ní 1981, nínú ọgbà ilé kan ní Sùúrùlérè. Bàbá tó ni ín ti di olóògbé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó dàgbà jù ló sì fẹ́ tà á. Ọkọ̀ náà ti wà lójú kan fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ọ̀dà rẹ̀ sì ń dán. Mo ní Corolla tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni n ó máa gbé èyí jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé irú ọkọ̀ yìí bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mu? Kí ni kí n yẹ̀ wò lára rẹ̀, ta ni kí n mú dání lọ, èló ni ó sì yẹ kí ó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí mo bá ti san owó ọkọ̀?

Mẹkáníìkì àgbà, Múṣin

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. 280SL bá ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mu ní Èkó ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì lọ, mo sì fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀, nítorí ìdí yẹn náà ni wàá fi wo òmíràn bí èyí kò bá bọ́ sí i. Mercedes ṣe irú ọkọ̀ yìí, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní R107, láti 1971 títí di 1989, oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì gbé sínú rẹ̀. Èyí tó wà nínú 280SL ni M110, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, òun kan náà ló sì wà nínú 280E àti 280SE tí àwọn ènìyàn ńlá gùn káàkiri Èkó láyé ìgbà tí Mẹ̀sí jẹ́ àmì ọlá. Nítorí náà, ẹni tó mọ bí a ṣe ń tú u, tó sì mọ bí a ṣe ń tò ó padà, kò tíì tán nílẹ̀, a sì lè wá páàtì rẹ̀ lọ sí Ládípọ̀ tàbí Ọwódé Onírin kí a tó ronú àtipa á láṣẹ láti òkè òkun. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó ń ra mọ́tò àtijọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni pé kí ó má wo ẹwà ọkọ̀ náà nìkan, kí ó wo àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ nígboro wa, torí àwọn ni yóò máa bọ́ ọ.

Bí ó bá jẹ́ 380SL, R107 tó ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, ni o rí, ọ̀rọ̀ mi ìbá yàtọ̀. Àwọn èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láàárín 1981 sí 1983 ní ṣéènì táímìn (ṣéènì tó ń mú kí fáàfù ṣí kí ó sì padé lásìkò) onílà kan, tó lè já kí ó sì ba fáàfù inú ẹ́ńjìnnì jẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ ra irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí onílà méjì. Ti M110 jẹ́ onílà méjì láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Tí o bá ń lọ wò ó, mú mẹkáníìkì tó ti tú M110 rí dání, má ṣe mú ẹni tó ń bá ọ tún Corolla ṣe nítorí pé o fọkàn tán an. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí o sì ti bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án kí o má baà rí bí ó ṣe ń ṣe nígbà tó bá tutù, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá tan án, dúró sẹ́yìn, kí o máa wo sàlẹ́ńsà. Èéfín búlúù túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jó, èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín funfun tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa lè jẹ́ omi tó ń jò wọ inú sílíńdà. Ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí o wò ó bóyá ohun funfun tó ki lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́, nítorí omi tó dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì ló ń dà bẹ́ẹ̀. Kí mẹkáníìkì náà fi gééjì wọn ìfúnpọ̀ inú sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ohun tí à ń wá ni pé kí wọ́n sún mọ́ ara wọn, kí ọ̀kan má ṣe rẹlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ nítorí pé ó ń dùn mí. Ní Èkó níbí, bí ọkọ̀ bá gbóná jù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì máa ń ṣe ni pé a ó yọ tẹmósítáàtì rẹ̀, ìyẹn fáàfù kékeré tó ń dá omi radiétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, sọnù, a ó sì sọ fún onímọ́tò pé ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Tẹmósítáàtì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ìgbóná tó yẹ kí ó máa fi ṣiṣẹ́, kí epo má baà ṣòfò, kí ọ́ìlì sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí tẹmósítáàtì wọn ní àwo kejì tó ń dí ọ̀nà àbùjá omi, tí a bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá yẹn yóò ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi púpọ̀ yóò máa yí padà sínú ẹ́ńjìnnì láìkọjá nínú radiétọ̀, ìgbóná tí a ń sá fún náà ni yóò sì tún pọ̀ sí i. Èyí tó tún burú jù ni omi ẹ̀rọ lásán tí a máa ń dà sí radiétọ̀. Orí ẹ́ńjìnnì M110 jẹ́ alumíníọ̀mù, ara rẹ̀ sì jẹ́ irin, omi lásán sì ń jẹ alumíníọ̀mù díẹ̀díẹ̀ láti inú. Bí o bá ṣí ìdérí radiétọ̀ nígbà tó tutù, tí omi inú rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀, mọ̀ pé wọn kò lo kúláǹtì, omi radiétọ̀ tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí irin jẹ, fún ìgbà pípẹ́, kí o sì fi ìyẹn dín owó tí o fẹ́ san kù.

Oníṣẹ́ bọ́dì, Ṣómólú

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi láti Múṣin fohùn ṣọ̀kan lórí gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ èmi ni, bọ́dì ni n ó kọ́kọ́ wò, bí bọ́dì kò bá sì dára, n kò ní dé ibi ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ́ńjìnnì M110 tó ti kú ṣeé pààrọ̀ pẹ̀lú òmíràn. Bọ́dì SL tí ìpẹtà ti jẹ wọ inú kò ní ààrọ̀, nítorí pé ọkọ̀ yìí kò ní férémù lọ́tọ̀: irin ilẹ̀ rẹ̀ àti irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ni ó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, pàápàá nígbà tí kò sí òrùlé tí yóò bá wọn gbé e.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tó ń dán tàn yín jẹ. Ẹ mú òòfà kékeré kan, ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé e kí ó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ sì máa gbé e lé ara ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, pàápàá ní ibi tó yí táyà ká, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀ búùtù. Níbi tí òòfà kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni wọ́n fi dí ihò irin. Àyàfi bọ́nẹ́ẹ̀tì, awẹ́ ilẹ̀kùn àti ìdérí búùtù: bí òòfà kò bá mú àwọn yẹn lórí Mẹ̀sí onílẹ̀kùn méjì, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n bóyá alumíníọ̀mù ni irú rẹ̀, torí àwọn SL tó ṣáájú R107, èyí tí wọ́n ń pè ní Pagoda, lo alumíníọ̀mù fún wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ti jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀ níbi tí ilé iṣẹ́ là sílẹ̀ fún un, kí ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, kí ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì tì í. Bí ilẹ̀kùn bá ń há tàbí tí àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ bá fún pọ̀, irin abẹ́ rẹ̀ ti rà, ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀. Bí jáàkì bá sì ń wọ inú irin lọ kí ó tó gbé ohunkóhun, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ibi tí ojú kì í tètè dé ni mo fẹ́ kí ẹ wò jù lọ. Lábẹ́ wáípà, níwájú gíláàsì, àyè kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ọkọ̀, ó sì ní ihò kékeré tí omi òjò ń gbà sàn lọ sí ilẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé sábẹ́ igi máńgòrò tàbí igi fúrúùtù, bí ó ti wọ́pọ̀ ní àwọn ọgbà ilé àtijọ́ ní Sùúrùlérè àti Yábàá, ewé á dí ihò yẹn, omi á dúró, á sì máa jẹ ògiri irin tó pín ẹ́ńjìnnì níyà sí ibi ìjókòó. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì níwájú, lápá awakọ̀ àti lápá èrò. Bí ó bá tutù, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbé e sókè, kí ẹ rí irin abẹ́ rẹ̀. Títún ògiri yẹn ṣe gba pé kí wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù àti gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, owó iṣẹ́ yẹn nìkan sì lè ju ohun tí ẹ rò lọ.

Ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ náà ti gbé rí kí ó tó dé Sùúrùlérè. Bí ó bá ti pẹ́ ní Victoria Island tàbí Lẹ́kí, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun oníyọ̀ ti ń fẹ́ lù ú lójoojúmọ́, ẹ fi sùúrù púpọ̀ sí i wo abẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sì fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí: bí àmì ẹrọ̀fọ̀ bá wà ní apá tó ká sínú, ọkọ̀ náà ti mu omi àgbàrá rí, ohunkóhun tí wọ́n bá sì fọ̀ lójú kò lè pa ìyẹn rẹ́.

Oní-MX-5, Lẹ́kí

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún Mẹ̀sí, ṣùgbọ́n mo gbà pé Mazda MX-5 àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣe láti 1989 sí 1997, ni ó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà. Ó fúyẹ́, kò ní ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì 1.6 inú rẹ̀ sì jẹ́ ìbátan èyí tó wà nínú Mazda 323 tí a mọ̀ dáadáa ní Nàìjíríà. Ìgbádùn wíwà á kò kéré sí ti ọkọ̀ tó wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Àbúrò wa lè pa á láṣẹ láti Amẹ́ríkà.

Oní-MGB, Ìkẹjà

Àbúrò mi láti Lẹ́kí, ìyìn tí o fún MX-5 tọ́ sí i, bí ọ̀kan tó ti ní ìwé pípé bá sì wà nílẹ̀ níbí, n ó sọ pé kí olùbéèrè lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtipa á láṣẹ kò ṣeé ṣe mọ́. Òfin kò gba kí a kó ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti kọjá iye ọdún tí ìjọba là kalẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, MX-5 àkọ́kọ́ sì ti kọjá rẹ̀ tipẹ́, ká má tiẹ̀ sọ ti Mẹ̀sí 1981. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ti wà ní Èkó láti ìgbà pípẹ́, tó ní ìwé àtijọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, fi níye lórí jù. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè bá yín gbà á wọlé láti ojú ọ̀nà Cotonou, ẹ má dá a lóhùn. Ọjọ́ tí àjọ aṣọ́bodè bá dá yín dúró, ẹ̀yin ni ọkọ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìlú Ọba, tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, pàápàá àwọn MG àti Triumph tó dàgbà ju Mẹ̀sí yìí lọ. Apá òsì títì ni a ń wa ọkọ̀ sí ní Nàìjíríà títí di 2 April 1972 tí a yí sí apá ọ̀tún, nítorí náà ọkọ̀ tó ti wà níbí ṣáájú ìgbà yẹn lè ní ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún látilẹ̀wá, tàbí kí ẹnì kan ti gbé e kọjá sí òsì ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ àgbékọjá yẹn ni mo bẹ̀rù jù lọ nínú gbogbo ohun tí a lè bá lára mọ́tò àtijọ́. Bí ọwọ́ ẹni tó ṣe é kò bá gún, ìtọ́kọ̀ lè tú lórí eré, kò sì sí ohun tí awakọ̀ lè ṣe sí i.

Ní ti epo, ẹ̀yin tí ẹ bá ń wo MGB tàbí ọkọ̀ ìlú Ọba mìíràn tó ní orí ẹ́ńjìnnì onírin, ẹ rántí pé epo olójé ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún, epo olójé sì ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà ìhà gúúsù Sàhárà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2006. Bí wọn kò bá tíì pààrọ̀ ìjókòó fáàfù rẹ̀ sí èyí tó le, ó lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá ń sáré púpọ̀. Ìyẹn kò kan M110. Ìdọ̀tí epo ni ọ̀tá tirẹ̀. 280SL ti 1981 ń lo ìlànà ìfúnpo tí ilé iṣẹ́ Bosch ń pè ní K-Jetronic, tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú, tó jẹ́ pé ohun èlò kan tó ń pín epo fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé. Omi tàbí ìpẹtà inú táǹkì tó bá wọ inú rẹ̀ yóò dí ojú ihò tóóró tí epo ń gbà kọjá. Kò yẹ kí a gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní February 2022, nígbà tí epo bẹntiróòlù tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, tó ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ pọ́ǹpù epo jẹ́. Ilé epo kan ṣoṣo tí ọjà ń yá níbẹ̀ ni kí ẹ máa lọ, kí ẹ sì máa pààrọ̀ fíltà epo kí ó tó di dandan.

Owó tí yóò ṣẹ́ kù ni ẹ béèrè pẹ̀lú. Bí ẹ bá pín gbogbo owó tí ẹ tọ́jú sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ fi méjì ra ọkọ̀, kí ẹ má fọwọ́ kan ìkẹta títí tí ọkọ̀ yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti wà lójú kan yóò gba táyà tuntun bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì DOT lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ mẹ́ta, táyà náà ti wà kí 2000 tó dé. Yóò tún gba họ́ọ̀sì bíréèkì, omi bíréèkì, bátìrì àti gbogbo rọ́bà tó ń gbé epo àti omi kiri. Owó wọn kì í tó nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ wọn ló máa ń ba ènìyàn lẹ́rù.

Ní ti ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ ní òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi tapólì bo ọkọ̀, torí ó ń há ọ̀rinrin mọ́ abẹ́, ọ̀rinrin yẹn ló sì ń sin ìpẹtà wọ inú irin.

Agbẹjọ́rò, Ìsàlẹ̀ Èkó

Gbogbo ohun tí ẹ ti sọ dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí olùbéèrè sọ kọjá ni ó yẹ kó gbà wá lọ́kàn ṣáájú òòfà àti gééjì: bàbá tó ni ọkọ̀ ti kú, ọmọ kan ló sì fẹ́ tà á. Pé ọmọ náà jẹ́ dáwódù kò sọ ọkọ̀ náà di tirẹ̀ nìkan. Bí bàbá bá kọ ìwé ìhágún, ẹni tí ó yàn láti mú un ṣẹ ni ó ní àṣẹ láti tà, lẹ́yìn tí Ilé Ẹjọ́ Gíga bá ti fọwọ́ sí ìwé náà. Bí kò bá kọ ọ́, àwọn tó jogún rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ọ́fíìsì Próbéètì ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn tí orúkọ wọn bá sì wà nínú ìwé yẹn ni yóò tọwọ́ bọ ìwé títà. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ náà wà lára ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba ìwé àṣẹ náà. Mo ti rí i tí àbúrò kan ti ìlú òyìnbó dé, tí ó sì ní kí ẹni tó ra ọkọ̀ bàbá òun dá a padà, lẹ́yìn tí onítọ̀hún ti ná owó púpọ̀ sí i lára.

Ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ohun-ìní ọkọ̀, ìwé láísẹ́ńsì rẹ̀ tó kẹ́yìn bó tilẹ̀ ti kọjá àkókò, àti ìwé àjọ aṣọ́bodè bí ó bá wà. Nọ́ńbà sáásì tó wà lára irin gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé mu láìku ẹyọ kan. Kí ọlọ́pàá bá yín yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti kéde pé wọ́n jí i rí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó, ẹ lọ yí orúkọ padà ní ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì MVAA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láìjáfara, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lọ sí LACVIS, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó yẹ fún títì. Owó ìdójútòfò ẹnìkẹta fún ọkọ̀ àdáni ti di 15,000 náírà láti 1 January 2023, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó kún, ẹ jẹ́ kí iye ọkọ̀ tí ẹ àti ilé iṣẹ́ náà fohùn ṣọ̀kan lé lórí wà nínú ìwé, torí bí wọ́n bá kà á sí Mẹ̀sí ogbó lásán, ohun tí wọn yóò san kò ní tó ra bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Olùbéèrè, Yábàá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti lọ wò ó pẹ̀lú mẹkáníìkì kan tó ti ṣiṣẹ́ lórí M110 fún ìgbà pípẹ́. Nọ́ńbà sáásì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WDB107042, ó bá ìwé mu, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 110. Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì padé wẹ́rẹ́ nígbà tí a fi jáàkì gbé e. Òòfà kò mú apá kan níbi táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Kápẹ́ẹ̀tì apá èrò tutù níwájú, wọn kò sì jẹ́ kí a gbé e sókè lọ́jọ́ náà. Kò sí tẹmósítáàtì nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ. Sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sún mọ́ ara wọn. Bẹ́líìtì ìjókòó mọ́ dé ìdí. Ọmọ mẹ́rin ni bàbá náà bí, ọ̀kan wà ní Kánádà, wọn kò sì tíì gba ìwé àṣẹ kankan. Ẹ̀gbọ́n wọn ń sọ pé ẹlòmíràn fẹ́ rà á, kí n mú owó àsansílẹ̀ wá lọ́sẹ̀ yìí.

Agbẹjọ́rò, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ má san kọ́bọ̀. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ rà á láìsí ìwé, ẹ jẹ́ kí ó rà á. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ kọ ìwé sí wọn pé ẹ ti ṣe tán láti ra ọkọ̀ náà ní iye báyìí nígbà tí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ, kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fọwọ́ sí i pé àwọn gbà. Èyí tó wà ní Kánádà lè fi ìwé àṣẹ aṣojú ránṣẹ́. Bí wọ́n bá nílò owó láti lépa ìwé náà, kí agbẹjọ́rò tiwọn bá agbẹjọ́rò tiyín sọ̀rọ̀, kí owó náà wà lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò, kí ó má bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan nínú ẹbí.

Oníṣẹ́ bọ́dì, Ṣómólú

Ibi táyà ẹ̀yìn yẹn kò bà mí lẹ́rù, a lè gé e, kí a sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Kápẹ́ẹ̀tì tó tutù yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má ṣe dá iye kan lórí ọkọ̀ náà kí ẹ tó rí irin abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ojú irin nìkan ló pọ́n, tí kò sí ihò, a ó fọ̀ ọ́ mọ́, a ó sì kùn ún. Bí ìka yín bá wọ inú rẹ̀, ẹ yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san, tí wọn kò bá sì gbà, ẹ fi í sílẹ̀. Wọ́n ṣe R107 fún ọdún méjìdínlógún, òmíràn á wà.

Mẹkáníìkì àgbà, Múṣin

Ọmọ mi, o ti ṣe dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ ìwé àti ti irin bá yanjú, tí ọkọ̀ sì di tìrẹ, má ṣe wà á kúrò níbẹ̀, má sì jẹ́ kí wọ́n fi okùn fà á, torí pé o kò mọ ipò tí bíréèkì rẹ̀ wà. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ tó ní pẹpẹ ni kí o fi gbé e. Ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tú gbogbo epo inú táǹkì dànù, kí wọ́n wo inú rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, kí wọ́n pààrọ̀ fíltà àti họ́ọ̀sì epo, kí epo tuntun tó kan ohun èlò Bosch yẹn rárá. Bíréèkì ni kí ó tẹ̀ lé e, nítorí omi bíréèkì ń fa ọ̀rinrin sínú, ọkọ̀ tó ti jókòó pẹ́ sì sábà máa ń há ní ẹsẹ̀ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà ni ọ́ìlì, kúláǹtì gidi àti tẹmósítáàtì tuntun, kí wọ́n sì yẹ àlàfo fáàfù wò, torí ọwọ́ ni a fi ń tún ti M110 ṣe. Má ṣe ra ọ̀dà, má ṣe ra rédíò, má sì wá rímù kankan títí gbogbo ìyẹn yóò fi parí. Nígbà tí o bá kọ́kọ́ gbé e jáde, àárọ̀ ọjọ́ Sunday ni kí o yàn, ní ọ̀nà kúkúrú tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí o sì máa wo gééjì ìgbóná àti ti ọ́ìlì. Third Mainland kò tíì kàn ọ́ nígbà yẹn, kò dára kí ọkọ̀ tí o kò tíì mọ ìwà rẹ̀ kú sórí afárá.